Ọ̀kadà Yìnyín Kẹrin

Ọkọ mi kì í purọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi èyí lélẹ̀ kí n tó sọ ohun tó ṣe, nítorí ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń bá a gbé, kò sì sí ẹni tó lè wá kọ́ mi níwà rẹ̀. Tó bá bu ẹran jẹ nínú ìkòkò, á ti jẹ́wọ́ kí n tó ṣí ìdérí. Tó bá ní aago mẹ́fà lòun máa dé, mo lè gbé ìrẹsì kaná ní aago márùn-ún ààbọ̀ láìṣiyèméjì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ti ẹnu ọkùnrin yìí jáde láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Fẹ́búárì ló ṣẹ́ ọmọ wa lápá. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, ẹ ni mo máa ń bá a sọ, bí ìyàwó gidi. Nínú ìtàn yìí, inú ṣì ń bí mi, kó fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Akínjídé Oyèwùmí lorúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ kéékèèké ni, ní Lithonia níbí, lẹ́bàá Atlanta, níbi tí gbogbo aládùúgbò ti ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ lórí ọ̀nà I-20 láàárọ̀, tí wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ ìgékoríko wọn tó bàjẹ́ wá bá a nírọ̀lẹ́. Gate, n'Íbàdàn, ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé irin kì í purọ́, pé bíárìn tó bá ti fẹ́ kú nínú táyà á máa kùn, ẹni tó bá fetí sí i ló máa gbọ́. Títí dòní, tí Akínjídé bá tú táyà kankan, ó máa fi ìka kan yí i, á wá gbé e sétí bí ẹni tó ń gba fóònù. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá jẹ́ pé ó ń fetí sí èmi náà bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti tún òrùlé tó ń jò lórí wa yìí ṣe. Èmi, nọ́ọ̀sì ni mí. Comfort lorúkọ mi, àmọ́ Màmá Dárasími ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló pa mẹkáníìkì Atlanta àti ọ̀kadà orí yìnyín pọ̀. Ìlú tí yìnyín á bọ́ bí àtíkè lásán, tí wọ́n á ti gbogbo ilé ìwé pa, tí àwọn èèyàn á máa du búrẹ́dì àti mílíìkì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Elder Bámgbóyè ló fà á. Apòògùn ni Elder yìí ní Duluth, ní Georgia níbí. Ó ti gbé Michigan fún ogún ọdún kó tó kó wá sí Georgia, ọ̀kadà yìnyín mẹ́rin ló sì kó bọ̀ lórí tírélà. Lọ́dọọdún, tó bá ti di Fẹ́búárì, á kó àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa bíi méje mẹ́jọ padà sókè lọ́hùn-ún, wọ́n á lọ máa gun ọ̀kadà fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì máa gbàdúrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ mi ti ń bá a tún ọ̀kadà wọ̀nyí ṣe. Èèyàn tí kò tíì rí yìnyín tó kọjá kókósẹ̀ rí, ó ti wá mọ abẹ́ ọ̀kadà yìnyín ju bó ṣe mọ ibi tí a ń kó abọ́ sí nínú ilé ara rẹ̀ lọ.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà yìnyín kò ní táyà tó ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà gbàgàdà kan ló ń yí lábẹ́ rẹ̀. Irin gígùn méjì wà nínú bẹ́líìtì yẹn, táyà kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà tó ń bá a gbé ẹrù. Wọ́n wá fi ike líle kan wọ irin kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀, ara ike yẹn ni bẹ́líìtì ń yọ̀ kọjá. Akínjídé ń pè é ní bàtà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èèyàn kì í fi girísì tàbí ọ́ìlì sí bàtà yìí. Yìnyín ni ọ́ìlì rẹ̀. Bí bẹ́líìtì ṣe ń yí ló ń ta yìnyín sí i lára, yìnyín á mú un tutù, á sì jẹ́ kó máa yọ̀. Níbi tí yìnyín bá ti ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ ilẹ̀ líle tàbí omi dídì lèèyàn ń gùn lé, bàtà á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì bí ṣíngọ́ọ̀mù. Bẹ́líìtì á dúró gbagidi, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò ní dúró. Ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà ti fa ìlà kan sí i lára. Tó bá ti jẹ dé ìlà yẹn, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Dárasími nìkan lọmọ wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, Atlanta níbí ni mo bí i sí, àtikékeré sì ni kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ sínú. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi í pé ṣé dáadáa ló wà. Ó ní, "I'm not fine, Grandma. My stomach hurts and this church is too long." Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Nígbà tí a dé inú mọ́tò, mo bá a wí gidi. Mo ní tí àgbà bá bi í, "Mo dúpẹ́, mà" ni kó máa sọ. Ó ní ṣùgbọ́n inú ń run òun lóòótọ́. Mo ní bó tiẹ̀ ń run ọ́, a kì í fẹnu ara wa pe burúkú. Ó wò mí títí. Ó kọ́ ọ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó pẹ́, a sì jà sí i gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò wọn lọ́dún yìí, Akínjídé dojú àwọn ọ̀kadà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé nínú géréèjì. Ó yí àwọn táyà kéékèèké ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fetí sí wọn, ó pààrọ̀ bíárìn mẹ́ta tó ń kùn. Ó ti ra bàtà tuntun sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Àfi ìkẹrin, èyí aláwọ̀ búlúù. Ọ̀kadà yẹn gùn ju àwọn yòókù lọ, bàtà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì kúrú sí i. Èyí tó bá a mu kò lè dé títí wọ́n á fi lọ tí wọ́n á fi bọ̀. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kadà náà sì ti jẹ dé ìlà. Ó sọ gbogbo èyí fún mi nídìí oúnjẹ.

"Mẹ́ta ló máa lọ," ló wí. "Ìkẹrin á dúró sílé."

"Ṣé ẹ ti sọ fún Elder?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá dé ní Saturday, màá sọ fún wọn."

Ní Sátidé, mo gbé oúnjẹ àwọn ọmọ lọ bá wọn ní géréèjì. Mẹ́ta ti wà lórí tírélà. Èyí búlúù wà nílẹ̀ níkọ̀rọ̀, ó sì ti ju aṣọ bò ó. Elder dé, òun àti Kẹ́mi ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ yòókù tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú báàgì wọn. Dárasími ti dé géréèjì ṣáájú gbogbo wọn. Pastor Shittu náà wá sin wọ́n. Kí Akínjídé tó la ẹnu, Pastor ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà ná.

Àdúrà ọjọ́ yẹn gbóná. Pastor lọ yí ká tírélà, ó ta òróró sórí ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan, ó wá rìn lọ sí ìkọ̀rọ̀, ó ṣí aṣọ, ó ta òróró sórí èyí búlúù náà. Orí rẹ̀ ló ti pẹ́ jù lọ. Ó ní mẹ́rin yìí á lọ, mẹ́rin yìí á bọ̀, kò ní sí ọ̀kan tó máa bàjẹ́ sọ́nà. Gbogbo wa ní Àmín. Tèmi ló ròkè jù. Nígbà tó parí, ó yíjú sí ọkọ mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Brother Akínjídé, gbogbo ẹ̀ dáa, àbí?"

Mo rí ọkọ mi tó wo ọ̀kadà búlúù. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Òróró kò tíì gbẹ lórí ìjókòó, àwọn ọmọ ń wò ó, Elder ń wò ó. Ta ni yóò dìde lẹ́yìn irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kó ní ìkẹrin kò lè lọ? Á dà bíi pé òun nìkan ni kò ṣe Àmín.

"Ó dáa, sà," ló wí. "Ògo ni fún Ọlọ́run."

Wọ́n ti ìkẹrin gun tírélà. Èmi náà wà níbẹ̀, ẹnu mi ò sì dí. Mo ń pín mọ́ínmọ́ín.

Ohun kan tí ọkọ mi ṣe nìyí, kí n má rẹ́ ẹ jẹ. Kí wọ́n tó so tírélà mọ́ mọ́tò, ó sáré de wáyà irin méjì mọ́ abẹ́ ọ̀kadà búlúù. Tí yìnyín bá kéré, èèyàn á tú wáyà yìí sílẹ̀, á máa họ omi dídì bó ṣe ń lọ, á sì máa ta ìdọ̀tí tútù rẹ̀ sí bàtà lára kó má baà yọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnì kan bí wọ́n ṣe ń tú u, nítorí tó bá sọ ìyẹn, wọ́n á béèrè ìdí rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" mo bi í nínú mọ́tò.

"Lẹ́yìn àdúrà? Níwájú Pastor?" Ojú ọ̀nà ló ń wò. "Snow pọ̀ lọ́hùn-ún. Tí snow bá ti wà, that shoe go last. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, Comfort."

Mo ní Àmín. N kò mọ ohun tí mò ń ṣe Àmín sí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ń jẹun lọ́wọ́ ní ibi iṣẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. Fọ́tò ni Dárasími fi ránṣẹ́. Kẹ́mi dúró ní pápá kan, ó na ọwọ́ méjèèjì, koríko gbígbẹ sì yọrí jáde nínú yìnyín káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "No snow, Mummy, can you imagine! Uncle says tomorrow we ride on the lake, it's all ice." Elder ló ń pè ní Uncle. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, mo sì pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Mo ti rí i," ló wí.

"Ẹ pè wọ́n."

"Kí n ní kí ni? Kí n ní mo parọ́ níwájú Pastor?"

"Ẹ ní kí wọ́n gbé ìkẹrin sílẹ̀. Tàbí kí wọ́n tú wáyà yẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Daddy, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ó pe Elder lóòótọ́. Elder kò gbé e. Nígbà tó pè mí padà láti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ara tù ú. Ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Dárasími. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, mo ní kó fi ọ̀rọ̀ náà hàn mí. Ohun tó kọ ni pé, "My daughter, ride gently. God is with you. Daddy."

Inú bí mi débi pé mo fi báàgì mi lu àga. Mo ní ṣé àdúrà ló máa tú wáyà ni? Mo bá mú fóònù èmi fúnra mi, mo pe ọmọ mi. Kò gbé e, ẹ̀rọ ní kí n fi ohùn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi tí mò ń bínú sọ. Mo ní, "Dárasími, tó o bá gbọ́ èyí, pe Daddy ẹ. It's nothing bad o."

It's nothing bad o. Ẹnu mi ló ti jáde. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń wò ó. Kò pẹ́ tí Dárasími fi fèsì sí i pé òun máa pè lọ́la tí àwọn bá gun ọ̀kadà tán. Àwọn èèyàn wa ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Àwa kò tiẹ̀ dákẹ́. A sọ̀rọ̀, a sọ gbogbo rẹ̀ àfi èyí tó yẹ ká sọ. Akínjídé ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun máa pè kí wọ́n tó jáde. Aago méje ló pe Dárasími, ó pe Elder, ó pe Kẹ́mi. Wọ́n ti lọ sórí omi dídì, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́hùn-ún.

Tọ́sìdeè ni mo máa padà síbi iṣẹ́, nítorí náà inú géréèjì ni mo jókòó sí ní Túsìdeè yẹn. Akínjídé ń yí táyà ẹ̀rọ ìgékoríko kan létí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò gbọ́ ohun kan níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni Kẹ́mi pè. Mo fi í sí sípíkà kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, don't panic," ló wí, òun fúnra rẹ̀ sì ń sunkún. "Dárasími ti ṣubú. Wọ́n ti gbé e lọ sí hospital. It's her arm. She's awake, she's talking, Daddy mi wà pẹ̀lú ẹ̀."

Ó sọ pé òórùn ike tó ń jóná ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn, bẹ́líìtì ọ̀kadà búlúù ti há gbagidi. Dárasími gba orí rẹ̀ fò, apá ló fi balẹ̀ lórí omi dídì tó le bí òkúta. Egungun dá sí ọ̀nà méjì.

"Nobody wanted that one, Aunty," Kẹ́mi ní. "Everybody said it's old. She's the one that took it. She said, 'My dad worked on it. He said it's fine.'"

Akínjídé gbé táyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ọ́ìlì tó ti dà síbẹ̀ láti àárọ̀, kò sì dìde fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ bá a jà. Mo jókòó tì í.

Elder fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Dárasími délé ní ọ̀sán Fráìdeè. Ó bá a gbé báàgì rẹ̀ wọlé, ó ràn án lọ́wọ́ kó jókòó sórí àga. Akínjídé dọ̀bálẹ̀ fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Sà, mo mọ̀," ló wí. "Bàtà ìkẹrin ti dé ìlà. Mo ti mọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Saturday."

Mo ń retí kí Elder bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó tún ń nù ún.

"Ẹ dìde," ló wí nígbà tó yá. "Èmi náà rí i. Mo lajú nínú àdúrà. Mo tẹrí ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà yẹn, ìlà náà wà níwájú mi kedere. Mo ní tó bá burú, mẹkáníìkì á sọ. Ẹ wá ní ó dáa."

Àgbàlagbà mẹ́ta ló mọ̀ nínú géréèjì ọjọ́ yẹn. Ohùn àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ròkè nínú Àmín. Elder kò pẹ́ kó tó lọ, kò sì mu omi tí mo gbé fún un.

Akínjídé wá lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ọmọ wa jókòó sí. P.O.P. funfun ni wọ́n fi di apá náà láti ìgbọ̀nwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" ló bi í.

Dárasími wo bàbá rẹ̀. Ó wá wo èmi.

"Ó dáa, Daddy," ló wí. "Mo dúpẹ́."

Yorùbá rẹ̀ rọ díẹ̀ lẹ́nu, bó ṣe máa ń rọ, ṣùgbọ́n kò ṣì í. Bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ojú mi sì wà lára ìka rẹ̀ tó yọ jáde. Wọ́n ti wú, àwọ̀ wọn ti ń yí padà, eyín rẹ̀ sì wà pọ̀ gírígírí.

"Dárasími, mo parọ́ fún ẹ," ni Akínjídé wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ọ̀kadà yẹn ò dáa. Mo mọ̀, mo ní ó dáa. Má san án padà fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

Ọmọ náà gbé apá náà mọ́ àyà. "It hurts," ló wí. "It hurts so bad, Daddy. Since last night. I can't feel these two. Uncle kept asking, and he was already so sad, so I said..."

N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Akínjídé ló wà á, èmi jókòó sẹ́yìn, mo gbé apá ọmọ mi sókè lé èjìká mi kí ẹ̀jẹ̀ lè máa sọ̀ kalẹ̀. Apá náà ti wú sínú P.O.P. lẹ́yìn tí wọ́n dì í tán, P.O.P. náà sì ti fún un pinpin. Mo mọ̀ pé tí irú ìyẹn bá di ọjọ́ kejì, apá lè kú. N kò sọ ọ́ nínú mọ́tò.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé ní ilé ìwòsàn kò tíì dàgbà ju Dárasími lọ. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní kí ọmọ mi jókòó.

"So how are we doing today?" ló wí.

Ọmọ mi la ẹnu, ó pa á dé. Ó yíjú sí mi, ó ń wò mí bó ṣe wò mí nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí inú ń run ún, ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn.

"Sọ fún un," ni mo wí. "Sọ ọ́ bó ṣe rí."